Ẹja-Ejò, Omi Mẹ́ta àti Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Mi ní Hóláǹdì

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá yà sílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ń bi mí: "Ràṣídì, kí lo mú bọ̀?" Àwọn mìíràn á tiẹ̀ máa yọjú wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí mo bá ní ẹja ni mo lọ ń tọ́ fún oṣù méje, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mo kàn ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ ni. Ẹja kẹ̀? Ṣebí ẹja àrọ̀ ló kún inú táǹkì onísìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìnkùlé mi ní Odògbólú, tí mo máa ń bọ́ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́ mi ní yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìjagun. Ta ní ń wọ bàálù nítorí ẹja?

Èmi ni. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè máa na ìwé yìí sí ẹni tó bá tún béèrè. Ẹ má retí ọkọ̀ nínú rẹ̀ o. Ìtìjú kan ni mo mú bọ̀, ó sì ti ń di ẹ̀rín díẹ̀díẹ̀.

*Ohun tí kò sọ nù*

Ìlú kékeré kan ní Hóláǹdì ni mo gbé, létí ibi tí odò ńlá kan ti ń já sínú òkun. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí òkè kankan tí èèyàn lè fi júwe ọ̀nà fún àlejò. Atẹ́gùn wọn kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Fìlà méjì ló gbà lórí mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì wo èkejì títí tó fi kọjá odò lọ sí òdìkejì.

Ọ̀gá tí mo lọ ràn lọ́wọ́ níbi ìwádìí ẹja ń jẹ́ Hẹ́ńkì. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, irun rẹ̀ ti funfun tán, ó sì ga bí òpó iná. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ṣe bí ìyá mi ṣe kọ́ mi: mo tẹ̀ ba, mo fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo ilẹ̀, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí ló sọ nù lọ́wọ́ rẹ?" ló bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òun ni èdè tí gbogbo wa fi ń gbọ́ ara wa. Kí n tó lè ṣàlàyé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Máríkè, wọlé, ó bá wa nílẹ̀, kò sì béèrè ohunkóhun. Òun náà kúnlẹ̀, ó ń bá wa wá a lábẹ́ tábìlì.

Nígbà tí gbogbo wa dìde tán, Hẹ́ńkì ní kí n má pe òun ní "sà" mọ́, pé Hẹ́ńkì lásán tó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó lè bí mi lọ́mọ, kí n máa pe orúkọ mọ́ ọn lórí bí ẹni ń pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́? Mo bá sọ ọ́ di Ọ̀gá Hẹ́ńkì. Ó bi mí ohun tí "ọ̀gá" jẹ́, mo ní oríkì ni. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tẹ́ èmi náà lọ́rùn.

*Bisikíìtì kan ṣoṣo*

Ní ago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo iṣẹ́ á dúró fún kọfí. Hẹ́ńkì á ṣí agolo bisikíìtì, á gbé e yí ká, olúkúlùkù á mú ọ̀kan, á sì dé agolo náà padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ó gbàgbé ni. Lọ́jọ́ kejì mo mú méjì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àfi Máríkè. "Ràṣídì," ló wí, kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, "ọ̀kọ̀ọ̀kan ni." Ojú tì mí débi pé èyí tí mo ti fi sẹ́nu kò fẹ́ lọ. Òun ní tirẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Oúnjẹ ọ̀sán wọn ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ọkùnrin tó ti ń gbé ìkòkò omi láti àárọ̀ á jókòó, á yọ búrẹ́dì tútù méjì jáde nínú ike, á fi wàrà líle há a láàárín, ó ti jẹun nìyẹn. Kò sí ọbẹ̀, kò sí iná, kò sí ẹni tó ń làágùn. Mo fi gààrí Ìjẹ̀bú tí mo dì sínú àpò gba ara mi sílẹ̀. Hẹ́ńkì ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò, mo sì rẹ ẹ́ fún un bó ṣe yẹ. Ó mú ṣíbí kan, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ó ti kan," ló wí.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ó tún mú ṣíbí kejì, ó gbé e mì, ó ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ilé wa, ẹni tí kò fẹ́ràn oúnjẹ onílé á sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Níbẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sí ọ lójú, wọ́n á sì tún fẹ́ràn ìwọ gan-an.

Ní Sátidé kan tí ilé sú mi, mo ní kí n yà kí Máríkè. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wò mí bí ẹni wo àkúdàáyà. "Ṣé a jọ ṣe àdéhùn ni?" Mo ní rárá, mo kàn wá kí i ni. "Ṣé nǹkan ṣẹlẹ̀?" Mo ní kò sí. Ó lọ wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó sì fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ méjì síwájú. Mo bínú títí mo fi délé. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ ọn: nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó ti se ẹ̀wà àti ànàmọ́ dè mí, ó ti wádìí ohun tí mùsùlùmí kì í jẹ, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin láìwo fóònù rẹ̀. Ta nínú wa ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò?

Ní ìlú náà, mo jẹ irú ẹja tí mo lọ ń tọ́, ẹja-ejò. Orúkọ tí mo fún ẹja yìí nìyẹn, nítorí ó gùn, ara rẹ̀ ń yọ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí i tí kò ní sá kó tó bi í léèrè. Èéfín ni wọ́n fi ń yan án, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bó awọ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, Àlájà tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó pariwo.

"Ejò ni o, Ràṣídì!"

"Ẹja ni, màmá. Ó ní lẹbẹ."

"Ejò tó mọ odò wẹ̀ ni. Máa fọ ẹnu rẹ dáadáa kó o tó kírun."

Ó dùn o. Ó sanra, ó rọ̀, ó sì ń yọ́ lẹ́nu. Bí mo bá rí i rà níbí, màá fi se ìkọ́kọrẹ́.

*Àwọn àlejò tó mọ́ gaara*

Èyí tí mo jẹ ti dàgbà o. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni a ń tọ́. Nígbà tí òtútù bá ń dín kù, wọ́n á dé ẹnu odò láti inú òkun, wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, ara wọn sì mọ́ gaara bí ọ̀rá omi. Èèyàn á rí ọkàn wọn tó ń lù kì-kì nínú. Hẹ́ńkì ní òkun tó jìnnà réré ni wọ́n ti bí wọn, pé ìgbì ló gbé wọn wá láìsí bàbá, láìsí ìyá, láìsí ẹni tó júwe ọ̀nà. Àánú wọn ṣe mí. Èmi tí mo ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ gan-an, mo ṣì ṣìnà ní ibùdókọ̀ rélùwéè lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ẹnu odò yẹn, ẹja kọ̀ọ̀kan á yàn. Òmíràn á wọ odò lọ sókè, òmíràn á jókòó sínú òkun, òmíràn á sì wà láàárín, níbi tí omi méjèèjì ti dà pọ̀ mọ́ra. Àwa tí a mọ ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ mọ irú omi bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe ti odò, tí kì í ṣe ti òkun. Láti mọ èyí tí wọ́n fẹ́, a kan àpótí gígùn kan tí omi òkun ń gba ìpẹ̀kun kan wọlé, tí omi odò ń gba ìkejì, a sì da àwọn ọmọ ẹja sí àárín. Díẹ̀ sáré sínú iyọ̀. Díẹ̀ gba ọ̀nà odò. Àwọn tó pọ̀ jù kò lọ síbì kankan. Wọ́n dúró lójú kan bí àlejò tí wọn kò tíì fi àga hàn.

Iṣẹ́ kejì ni ti táǹkì mẹ́ta. Omi òkun wà nínú ọ̀kan, omi odò nínú èkejì, omi àdàlù nínú ẹ̀kẹta. Iye ẹja kan náà, oúnjẹ kan náà, a sì ń wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí a lè mọ omi tí wọ́n ti ń tètè dàgbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ń wí ni pé inú omi tó níyọ̀ ni wọ́n ti ń sanra jù, pé ti odò máa ń falẹ̀. Hẹ́ńkì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi ní ọjọ́ kan tí à ń fọ ìkòkò.

"Bàbá mi fi ẹja yìí tọ́ wa," ló wí. "Òkè odò ló ti ń pa á. Títí tó fi kú, ó ń sọ pé ẹja odò ló ń tètè sanra, pé àwọn tó ń kọ ìwé kò fọwọ́ kan ẹja rí. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an fi í rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé."

Ọdún yẹn ló máa fẹ̀yìn tì. Ní Fúráìdè tó kẹ́yìn, gbogbo ẹni tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí àti àwọn ará ilé rẹ̀ máa péjọ, á sì sọ fún wọn ohun tí táǹkì mẹ́ta yìí wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá mi jàre," ló fi parí rẹ̀.

*Òrùlé tó ń jò*

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ díẹ̀, Máríkè gba ìsinmi, ó lọ gun òkè ní ìlú àwọn òkè, nítorí tiwọn kò ní. Òjò ńlá rọ̀. Òrùlé yàrá wa ń jò sórí àwọn táǹkì, a sì kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú páìpù wọn. Bébà tí wọ́n fi kọ orúkọ omi sára wọn ti rin gbingbin. Hẹ́ńkì kọ tuntun. Awò ojú rẹ̀ wà nílé. Mo ń nu ilẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé ó lẹ bébà "odò" mọ́ táǹkì àdàlù, ó sì lẹ bébà "àdàlù" mọ́ ti odò.

Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Mo bá ti ìka bọ omi, mo fi lá, bí mo ṣe máa ń ṣe ní Odògbólú. Táǹkì tí wọ́n pè ní odò ní iyọ̀ lẹ́nu. Èyí tí wọ́n pè ní àdàlù tẹ́ lẹ́nu bí omi kànga.

Ó rọrùn fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á láti sọ pé kí n là á mọ́lẹ̀. Ṣé àgbà ni mo máa wò lójú kí n ní ó ti ṣì í? Wọ́n tọ́ mi ní ilé o. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Mo wá àbọ̀ tó dára jù tí mo ní.

"Ọ̀gá Hẹ́ńkì," mo wí, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, "omi táǹkì yìí jọ ẹni tó ti rin ìrìn-àjò."

Ó wo omi náà. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Gbogbo omi ló ń rìn."

Mo fi kún un. "Bóyá kí ẹ tún wo bébà yẹn nígbà tí ẹ bá mú awò yín wá."

Ó fi àtàńpàkò tẹ igun bébà náà. "Ó dára. Ó lẹ̀ dáadáa."

Mo wá sọ gbólóhùn tó ti ba ilé púpọ̀ jẹ́ nílẹ̀ wa. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n jù." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn, ó sì lọ sílé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi dé inú rẹ̀, àbọ̀ ló kú sí.

*Bàbá jàre*

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ẹja tí bébà pè ní "odò" tẹ̀wọ̀n ju àwọn "àdàlù" lọ díẹ̀. Hẹ́ńkì tún wọ̀n wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó hàn kedere. Ọkùnrin tí kì í kọrin wá ń fi imú kọrin kiri. Mo ní kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mo ní ó di ọ̀la; lọ́la, ó ti wúwo sí i. Ọ̀rọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ ní Mọ́ńdè ti di àpò sìmẹ́ńtì ní Fúráìdè.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ka iye tó wà nínú ìwé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bàbá mi jàre," ló wí. Ó gbá mi mọ́ra. Ó tẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin láago níwájú mi, wọ́n ń sọ èdè wọn, n kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ "bàbá" lọ, mo sì gbọ́ tí obìnrin náà ń sunkún lódìkejì. Mo dúró síbẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹran ẹlẹ́ran. Inú mi bà jẹ́ débi pé n kò lè jẹ gààrí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo pe ìyá mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ṣe hùn-ún.

"O kò lè já àgbà nírọ́ lójú ara rẹ̀. Wá ẹni tó sún mọ́ ọn, kó bá ọ bẹ̀ ẹ́, kó bá ọ sọ ọ́. Ìwọ dúró lẹ́yìn onítọ̀hún, kó o kúnlẹ̀."

Ìmọ̀ràn àgbà ni. Nígbà tí Máríkè ti ibi òkè dé ní Túsìdeè ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, mo fà á sí kọ̀rọ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kí ni Hẹ́ńkì wí?" ló béèrè.

"N kò tíì sọ fún un. Ìwọ ni mo fẹ́ kó bá mi sọ ọ́. Màá wà lẹ́yìn rẹ."

"Ta ló rí i?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni?"

Mo ní rárá. Ó ní, "Èmi kì í ṣe ẹnu rẹ. Sọ ọ́ fúnra rẹ. Bó bá di ago mẹ́wàá ọ̀la tí o kò sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, màá sì fi kún un pé o ti mọ̀ tipẹ́." Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Mo pè é ní aláìláàánú nínú ọkàn mi ní èdè Ìjẹ̀bú, nítorí èdè náà ló ní ọ̀rọ̀ fún un.

*Mo sọ ọ́*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí kọfí tó hó, mo ní Bísímílà, mo dúró níwájú rẹ̀.

"Hẹ́ńkì," mo wí. Mo fi ọ̀gá sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá mú un dání, màá tún fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. "O ti ṣì í. Lọ́jọ́ tí a kó táǹkì, o lẹ bébà méjì sí ipò ara wọn. Èyí tí ẹja rẹ̀ ń sanra kì í ṣe odò. Àdàlù ni."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì lọ. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ìka bọ táǹkì àkọ́kọ́, ó lá a. Ó lọ sí ìkejì, ó lá a. Ó tún padà sí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó dojú garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Láti ọjọ́ yẹn gan-an."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní omi náà jọ ẹni tó ti rin ìrìn-àjò."

"Ràṣídì, ṣé ohun tí ẹ ń pè ní sísọ nìyẹn?"

"Àgbà ni yín. Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"O dúró níbẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè, "o ń gbọ́ nígbà tí mo ń sọ fún àbúrò mi pé bàbá wa jàre. O ń wò mí. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀wọ̀. Èmi nìkan lo fi sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ń bínú sí ọ gan-an."

Mo ti gbọ́ èébú rí láyé mi, ti ilé, ti ojú títì. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń bẹ àgbà, mo ń da ti ìyá mi mọ́ ti Ọlọ́run. Ó nawọ́ sókè. "Má bẹ̀ mí mọ́. Gbé ìwé wá, ká tún un kọ."

A tún un kọ. Omi kò ṣì, ẹja kò ṣì, bébà nìkan ló ṣì. Gbogbo iye tó wà nílẹ̀ ṣì wúlò nígbà tí orúkọ bá ti bọ́ sí ipò rẹ̀. Nígbà tí a parí, ohun tó wà níbẹ̀ ni ohun tó wà nínú gbogbo ìwé. Ó wo ojú ewé náà pẹ́, ó sì lọ síta láìmú kọfí. Mo rí i lójú fèrèsé tó ń tẹ àbúrò rẹ̀ láago.

Mo wéwèé bí màá ṣe wá àgbà ìlú wọn láti bá mi bẹ̀ ẹ́. N kò mọ àgbà kankan. Lọ́jọ́ kejì, ago mẹ́wàá lù, Hẹ́ńkì ṣí agolo, ó gbé e dé iwájú mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo ń wá ìbínú náà, n kò rí i.

"Ṣé ìbínú yín ti tán ni?"

"Mo ti sọ ọ́ lánàá, àbí o kò gbọ́?" Ó mi agolo náà. "Mú bisikíìtì."

Èyí ni n kò tíì lóye di òní. Ní ilé wa, irú ìbínú yẹn á rí ọdún iléyá méjì, á sì ti bí ọmọ.

*Fúráìdè*

Yàrá náà kún. Àbúrò rẹ̀ jókòó níwájú, obìnrin gíga bíi tirẹ̀. Èmi ti wá ibi tó jìnnà jù lẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bóyá ẹsẹ̀ mi á fẹ́ ṣiṣẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Nítorí tèmi, Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ̀rọ̀.

Ó sọ fún wọn pé ẹja inú omi òkun àti ti omi àdàlù ló dàgbà jù, pé ti odò falẹ̀. Ó sọ fún wọn pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun ti rò pé òdìkejì ni, nítorí òun lẹ bébà láìlo awò ojú, àti nítorí pé ohun tí òun fẹ́ gbọ́ ni. Ẹ̀rín sọ nínú yàrá. Ó dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Bàbá mi ṣì í," ló wí. "Ó kú láìmọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ṣì í." Ó wo àbúrò rẹ̀, obìnrin náà mi orí. "Ṣùgbọ́n ẹ rántí àpótí gígùn yẹn. Kò sẹ́ni tó ti ẹja kankan, síbẹ̀ àwọn kan gba ọ̀nà odò lọ, níbi tí wọn kò ní tètè sanra. Bóyá ọ̀tá kò pọ̀ níbẹ̀. Bóyá àyè ló gbà wọ́n. N kò mọ̀. Máríkè ló máa wádìí ìyẹn." Ó jókòó.

Kò dárúkọ mi. Kò sọ pé ẹnì kan mọ̀ tí kò wí. Mo sunkún níbi tí mo dúró sí, èmi ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́ta. Máríkè bojú wẹ̀yìn.

"Ò ń sunkún," ló wí.

"Mo mọ̀."

Ó fún mi ní áńkáṣífù.

*Lẹ́yìn tí mo délé*

Ní oṣù tó kọjá, ìwé tí Hẹ́ńkì tẹ̀ jáde lórí ẹja náà dé. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi nígbà tí mo ṣí i. Mo ṣí i dé ìparí, níbi tí wọ́n máa ń dúpẹ́ sí, mo sì rí orúkọ mi. Ìyá mi rí i tí ojú mi yí padà. Ó pe obìnrin tó ń ta aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ó pe àwọn oníbàárà méjì tó ń wo ìkòkò, ó ní kí n kà á sókè kí wọ́n gbọ́ ohun tí òyìnbó kọ nípa ọmọ òun.

Gbólóhùn kan ni. Ó ní: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ràṣídì, ará Ìjẹ̀bú-Òde, tó sọ òótọ́ fún mi nígbà tí kò rọrùn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó sọ ọ́."

Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá mi ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo gbé ohùn sókè: "Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ràṣídì, ará Ìjẹ̀bú-Òde, tó sọ òótọ́ fún òun nígbà tí kò rọrùn fún un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin aláṣọ ní Alihamudulilai, pé ọmọ tó bá gba ẹ̀kọ́ ilé kì í dójú ti ìyá rẹ̀. Ìyá mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ti tẹ̀ síwájú, ó ń fi ìka tọ ìlà náà lọ díẹ̀díẹ̀ lórí bébà, ó kọjá ibi tí mo dúró sí.

"Ràṣídì, ó jọ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù níbí."

Mo wo ojú ìyá mi, mo wo ìka rẹ̀.

"Ó parí síbẹ̀, màmá," ni mo wí.